Eku Kẹfà

Nínú oṣù kẹjọ, ní Minnesota,
wọ́n kọ́ ìlú kan sórí pápá tó jẹ́ ti màlúù:
ilé-ìṣọ́ onípákó, ọba kan tí bẹ́líìtì rẹ̀ kò yí ikùn rẹ̀ ká mọ́,
àwọn jagunjagun tó ń fi bárò ti ìhámọ́ra wọn bọ̀ láti ibi ìgbọ́kọ̀sí.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn la wà níbẹ̀
títí aago méje alẹ́ yóò fi lù.
Lẹ́yìn náà, kálukú á wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

Delbert Haugen ni ọ̀gá mi.
Nígbà òtútù, ó ń wa ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò lójú títì.
Nígbà ooru, apẹkúté ni.
Kì í ṣe eégún: ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbangba,
òógùn ń kán ní ṣónṣó imú rẹ̀,
síbẹ̀, bó bá ti de fìlà onírun yẹn,
èmi tí mo mọ ilé rẹ̀ kì í mọ̀ ọ́n mọ́.

Ó kọ́ mi pé:
má mú ẹni tó ń sá.
Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń díbọ́n pé okùn bàtà lòun ń so,
ẹni yẹn ló ń retí rẹ.
Kúnlẹ̀ fún ọmọ kó o tó wo ojú bàbá rẹ̀.
Bí ẹnìkan bá yọ fóònù, bẹ̀rù,
béèrè ẹni tó há sínú ẹ̀.
Bí ẹ̀rín yóò bá pa ẹnìkan lára, kó pa ọ́, kó má pa àlejò.
Lékè gbogbo rẹ̀, má jáde kúrò lára ẹni tí o wọ̀.
Òjò rọ̀, má jáde. Agbọ́n ta ọ́, má jáde.
Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ń kọjá, ó pè ọ́ lórúkọ:
o ò mọ̀ ọ́n rí.

Eku mẹ́fà ló so kọ́ ọ̀pá rẹ̀.
Solveig ìyàwó rẹ̀ ló fi àkísà rán márùn-ún.
Ìkẹfà, Delbert ló dá rán an lọ́dún tó kọjá,
nígbà tí kò sí ẹni tí yóò bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́.
Ó dà bí ìbọ̀sẹ̀ tó hu etí.

Ní Sátidé kan, ìdílé Hmong kan wọlé láti Saint Paul.
Ìyá àgbà ló ṣáájú, Pa Nhia,
tó wọ súwẹ́tà láàárín ooru.
Delbert fò jáde lẹ́yìn àgbá:
"Ìwọ obìnrin ọlọ́lá! Àjàkálẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà!
Ìwọ kì yóò ha ra eku kan, kí o fi ra ẹ̀mí rẹ padà?"
Tou, ọmọ-ọmọ rẹ̀, fẹ́ túmọ̀. Ó lanu, ó pa á dé.
"Ìyá àgbà, èmi gan-an ò gbọ́ ohun tó ń sọ."

Ìyá na ọwọ́.
Ó yẹ eku kìn-ín-ní wò, ó kùn, hùn-ún.
Ìkejì, hùn-ún.
Ó dé orí ìkẹfà, ó dákẹ́.
Ó fa ìrù rẹ̀.
Ìrù já.

Ẹ̀rín bú. Delbert bẹ̀rẹ̀ ẹkún apẹkúté,
ẹkún tó máa ń pawó wọlé,
ṣùgbọ́n ìyá ti jókòó sórí ìdì koríko,
ó ti yọ abẹ́rẹ́ lábẹ́ ọrùn aṣọ,
ó ti fi itọ́ pọ́n ẹnu òwú pupa.
Ó fi àgbọ̀n júwe fún un: jókòó. Di ibí mú.
Apẹkúté jókòó,
ó di ẹsẹ̀ eku mú bí ọmọ iléèwé.

Èrò pé lé wa lórí. Wọ́n rò pé a ti fi dánrawò ni.
Mo wo ọ̀gá mi: ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu ẹ̀.
Abẹ́rẹ́ ń wọlé, abẹ́rẹ́ ń jáde.
Ìyá tú gbogbo ẹ̀yìn eku náà, ó tún un rán,
ó fi òwú ṣe òdòdó kékeré síbi tí ojú kan ti bọ́,
ó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ẹ ṣé, mà," ni Delbert wí,
ní ohùn awakọ̀ yìnyín,
ohùn tó fi ń pè mí lórí fóònù.
Ó ti jáde.
N kò rán an létí òfin.

Ìyá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́: owó iṣẹ́ ńkọ́?
Ó san dọ́là méjì, ó fi owó onígi kan lé e,
èyí tá a fi ń tan àwọn ọmọdé.
Pa Nhia fi eyín tọ́ ọ wò,
ó dá a padà.